Ebu Iṣu Ọgọ́ta

Ọdún tí òjò ní òun ń bọ̀ tí kò dé,
a gbọ́ ààrá lẹ́ẹ̀mẹta lápá Ìkìrun,
a sáré gbé ìkòkò, a gbé garawa síta.
Eruku ló kún inú wọn.
Àgbàdo tó máa ń lọ sóko níhòòhò
tó ń kó igba aṣọ bọ̀,
lọ́dún yẹn, ìhòòhò ló lọ, ìhòòhò ló bọ̀.
Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ fà sẹ́yìn.
Àwọn ọmọ iléèwé ń gba orí àpáta kọjá,
bàtà wọn ò tutù.

Ní Abà Ìdí-Àràbà, bàbá mi Làmídì wo àká,
ó wo ebu iṣu ọgọ́ta tó kù,
ó wo ẹnu wa, mẹ́jọ.
Mo rí ọwọ́ ìyá mi tó ń lọ síbi ọ̀bẹ.
"Síkírátù, fi í sílẹ̀.
Ẹni tó jẹ ebu ti jẹ ọdún tó ń bọ̀."
Omi ẹ̀wà la mu sùn.

Láàárọ̀, wọ́n di ebu sínú àpò ìrẹsì méjì,
wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ tẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun.
Ẹ̀gbọ́n mi Músílíù gbé e wọkọ̀ Ifẹ̀tẹ̀dó,
ó di ọ̀dọ̀ Gbọ́lágadé, ọkọ àbúrò ìyá mi,
tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì ń rin nídìí kòkó.
Iṣẹ́ tí bàbá mi rán kò gùn:
"Ẹ bá mi gbìn wọ́n.
Kì í ṣe ọrẹ, kì í ṣe ẹ̀yáwó.
Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n wà láàyè."

Wọ́n ní òǹgbẹ ló lé àwọn baba wa kúrò ní Ìpólé
kí wọ́n tó rí omi tẹ̀dó sí.
Ọba ló ṣíwájú tiwọn.
Ta ni yóò ṣíwájú àgbẹ̀ tó ní àdá méjì
àti ìyàwó tí ẹsẹ̀ ń dùn?

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ṣí wá.
Yàrá kan tí mo háyà ní Òkè-Baálẹ̀, a di méje nínú rẹ̀,
bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tó ṣì ń ṣọ́ ọ̀yà.
Onílé ní ènìyàn méjì la jọ sọ.
Ìyá Ràfátù ọ̀ọ́kán ló bá wa bẹ̀ ẹ́.
Bàbá mi ti fún un ní ẹ̀gẹ́ rí, lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú.
Bàbá mi ti gbàgbé. Obìnrin náà kò gbàgbé.

Búlọ́ọ̀kù ló ń rù l'Ókè-Fíà.
Àtẹ́lẹwọ́ tó ti mọ ọkọ́ fún ogójì ọdún,
símẹ́ńtì bó o.
Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó síta, yóò máa wo sánmà,
kì í ṣe bí ẹni ń gbàdúrà,
bí ẹni tó rí onígbèsè rẹ̀
tó ń kọjá lójú pópó.

Òjò padà. N ò ní purọ́, kò padà tán.
Ebu bá ọkọ̀ kan náà dé, àpò mẹ́ta.
Músílíù kò bá a dé.
Ó ti fẹ́yàwó níbẹ̀, ó ti di ará ibẹ̀.
Fọ́tò ló fi ránṣẹ́ lórí fóònù,
ìyá mi ń fi ìka nù ún, ó ń nù ún,
bí ẹni pé eruku wà lójú ọmọ rẹ̀.

Bàbá mi ka ebu ní abà: méjìléláàádọ́rin.
Ó tún un kà.
Ó ṣa méjìlá sọ́tọ̀.
"Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe tèmi.
Iṣu tèmi kì í hu irun báyìí."
Ó kọ ebè méjìlá fún wọn nísàlẹ̀,
níbi tí omi máa ń pẹ́ sí,
ó pè é ní oko àna.

Mo bi í léèrè ìgbà tí a ó dá a padà.
Ó wo apá Ifẹ̀tẹ̀dó,
bí ẹni pé a lè rí i láti Ìdí-Àràbà.
"Ọjọ́ tó bá kàn wọ́n," ó ní.
"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kàn wọ́n.
Ṣùgbọ́n lọ já ewé wá, ká bo ebè wọn."